Yàrá ọmọ ní Ìlọrin, yàrá ọmọ ní Manchester

Bí oyún bá ti wọ oṣù keje, fèrèsé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó ra aṣọ ọmọ. Ní Ìlọrin, ojú fèrèsé kan náà ni ẹ̀fọn àti afẹ́fẹ́ jọ ń gbà wọlé; ẹni tó bá tì í pa nítorí ẹ̀fọn, òun àti ooru ni yóò jọ sùn. Ní Manchester, ojú fèrèsé ni ọ̀rinrin ń gbà jáde. Ẹni tó bá tì í pa nítorí òtútù, kò ní pẹ́ tí ẹ̀yìn wọ́dúróòbù rẹ̀ yóò fi dúdú. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti Gàá Àkànbí, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán wá sí Ìlú Ọba ni kò tètè mọ èyí. Ìmọ̀ ilé ṣíṣe tí a gbé wá kò burú o, ojú ọjọ́ mìíràn ni wọ́n dá a fún.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì tí káfíńtà kàn mọ́ fèrèsé lúfà kì í sábà ya láàárín. Igun ni ó ti ń yẹ̀, níbi tí igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ti ká sókè. Lálẹ́, kí ẹnì kan tan iná inú yàrá, kí ẹlòmíràn dúró síta: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ jáde ní ẹ̀gbẹ́ igi, ibẹ̀ ni ọ̀nà ẹ̀fọn. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, kí nẹ́ẹ̀tì tuntun fi íǹṣì méjì ju ojú fèrèsé lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ po kí ìṣó tó wọ̀ ọ́. Etí tí a kò ṣẹ́ po, ìṣó fúnra rẹ̀ ni yóò fà á ya.

Nẹ́ẹ̀tì olóògùn tí wọ́n ń fún aboyún ní ilé ìwòsàn tún yàtọ̀ sí ti fèrèsé. Kí ẹ nà án sí abẹ́ òjìji fún wákàtí 24 kí ẹ tó sùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má sá a sóòrùn, ì báà jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́, torí oòrùn ń dín agbára oògùn ara rẹ̀ kù. Ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí bílíìṣì má kàn án. Àwọn mìíràn á so ó gíga débi pé etí rẹ̀ ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Asán ni ìyẹn. Abẹ́ fóòmù ni kí etí rẹ̀ wọ̀ yíká. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, òru ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹni tó bá sì rò pé oògùn ẹ̀fọn olómi yóò gba òun lọ́wọ́ wàhálà nẹ́ẹ̀tì, kí ó fi dichlorvos sílẹ̀, èyí tí aráyé ń pè ní Sniper. Oko ni wọ́n ṣe é fún. NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, mìlílítà 100 sísàlẹ̀, láti ọdún 2019. Yàrá tí aboyún ń sùn kọ́ ni wọ́n ń fọ́n ọn sí.

Fáànù ló kàn. Láti oṣù kejì ọdún títí òjò yóò fi mú ilẹ̀ dáadáa, ooru Ìlọrin kì í jẹ́ kí aboyún rí oorun sùn. Bí fáànù òkè bá ń fà bí arúgbó, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá iná háàfù ni wọ́n mú wá. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè fi fáànù ṣe. Bí iná bá kún tí kò sì gbéra, ẹ tan án, kí ẹ fi igi gbígbẹ ti apá rẹ̀ kan díẹ̀. Tí ó bá wá ń yí lẹ́yìn títì náà, kàpásítọ̀ rẹ̀, ohun kékeré tó ń ràn án lọ́wọ́ láti gbéra, ló kú. Ọ̀pọ̀ fáànù òkè ń lo 2.5 µF, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́ ni kí ẹ fi ra tuntun. Èyí tó tóbi jù ú lọ á jẹ́ kí ó sáré lóòótọ́, mọ́tọ̀ á sì máa gbóná títí yóò fi jó. Kí ẹni tí yóò gùn ún pa iná láti máìnì. Súwíìṣì ara ògiri kò tó, nítorí àwọn kan máa ń wáyà ilé kí súwíìṣì jókòó sórí nítúrà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà. Fáànù á dúró, iná á ṣì wà lára wáyà rẹ̀. Aboyún kọ́ ni yóò gun àga ṣe é o. Oyún ti yí ibi tí ara ń gbé ìwọ̀n rẹ̀ sí padà, ẹsẹ̀ kì í dúró bíi ti tẹ́lẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ariwo rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń kérora lé, bẹ́ẹ̀ carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú a máa dì í mú ju ti ìyá lọ, kì í sì tètè jáde níbẹ̀. Orí fífọ́, èébì àti àárẹ̀ ni àmì rẹ̀, oyún náà sì ń ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń kà á sí oyún lásán. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé ní mítà mẹ́fà ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú síta, kí ó má ṣe wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ àtẹ̀gùn kódà bí ìlẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀.

Gáàsì yìí kan náà ni wọ́n ń bẹ̀rù ní Manchester, àmọ́ inú bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú omi àti ilé gbóná, ni ó ti ń wá. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2022 ni òfin England ti ní kí onílé fi áláàmù rẹ̀ sí gbogbo yàrá gbígbé tí ohun tó ń jó epo, igi tàbí gáàsì bá wà nínú rẹ̀, yàtọ̀ sí sítóòfù gáàsì ìdáná. Áláàmù èéfín iná ní tirẹ̀, ọ̀kan ní àjà kọ̀ọ̀kan nínú ilé, ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè. Ẹ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ wò lóṣooṣù, kí ẹ sì yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, torí áláàmù ní ọdún tí yóò lò. Bákan náà, ẹni tó ní ìwé Gas Safe, ìwé àṣẹ àwọn oníṣẹ́ gáàsì, gbọ́dọ̀ wá yẹ ohun èlò gáàsì onílé wò lóṣù méjìlá méjìlá, kí wọ́n sì fún ayálégbé ní ìwé rẹ̀ láàárín ọjọ́ 28.

Bọ́ílà tó bá kọ̀ láti gbéra láàárọ̀ tí òtútù mú, ẹ wo ọwọ́ aago rẹ̀ tó ń wọn agbára omi. Nígbà tí ó tutù, àárín 1 sí 1.5 báà ló yẹ kí ó wà. Bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi inú rẹ̀ ló dín. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wá páìpù onírin kékeré tó rọ̀ bí okùn lábẹ́ rẹ̀, èyí tí omi ń gbà wọ inú rẹ̀, ẹ ṣí kọ́ọ̀kì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí aago yóò fi dé 1.2, kí ẹ sì tì í padà pinpin. Tí ó bá tún sọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ń jò níbìkan, ẹ pe oníṣẹ́. Rédíétọ̀ (irin ara ògiri tó ń gbé ooru bọ́ílà wọ yàrá) tó gbóná nísàlẹ̀ tó tutù lókè, afẹ́fẹ́ ló há sí i: ẹ pa híítà, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣí ẹnu kékeré ẹ̀gbẹ́ òkè rẹ̀ ní ìdajì ìyípo, ẹ fi àkísà gbè é, kí ẹ tì í bí omi bá ti tò jáde. Lẹ́yìn èyí, ẹ tún aago bọ́ílà wò, torí omi ti dín. Èyí tó tutù nísàlẹ̀ ní tirẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ ló kún inú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ilé kọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin wàyí. Àwọn ilé bíríkì àtijọ́ ti Manchester tutù lára, omi inú afẹ́fẹ́ sì ń wá ibi tó tutù jù láti jókòó. Ẹ ro bí a ṣe ń gbé: ìkòkò ẹran lórí iná láìdé, omi àmàlà ń hó, aṣọ tútù lórí rédíétọ̀, gbogbo fèrèsé ní títì. Omi yẹn kò ríbi lọ, ó di mọ́ọ̀dù, àwọn àmì dúdú wínníwínní tó ń hù sí igun ògiri àti ẹ̀yìn ibùsùn ọmọ. Àwọn onílé a sì máa yára sọ pé bí ayálégbé ṣe ń gbé ló fà á. Nígbà mìíràn òótọ́ ni, nígbà mìíràn ògiri ló ń jò. Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ̀ ọ́n: ẹ lẹ fọ́ìlì tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ mọ́ ògiri gbígbẹ níbi tó ń yọ yín lẹ́nu, kí téépù dí etí rẹ̀ yíká, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá wà lójú rẹ̀ tó kọ sí yàrá, afẹ́fẹ́ ilé ni. Bí ó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, inú ògiri ni omi ti ń wá, onílé ló ni í. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Tí ó bá jẹ́ ti afẹ́fẹ́ ilé, kí ibùsùn àti wọ́dúróòbù jìnnà sí ògiri ìta ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́wàá, kí a dé ìkòkò, kí fáànù ilé ìdáná àti ti balùwẹ̀ máa lọ, kí a ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àní nínú òtútù. Híítà tí a fi sí kékeré títí sàn ju èyí tí a gbé sókè wákàtí kan tí a sì pa. Aṣọ rírẹ ni kí ẹ fi nu mọ́ọ̀dù pẹ̀lú oògùn rẹ̀; búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ á fọ́n ọn ká sínú afẹ́fẹ́. Ẹlòmíràn ni kí ó nù ún, kì í ṣe aboyún. Kíkùn ún mọ́lẹ̀ kò sì wúlò: ọ̀dà á bó, dúdú á tún yọ.

Níbi àtúnṣe ni ìlú méjèèjì ti yàtọ̀ jù. Ní Ìlọrin, ẹ lè pe pọ́lọ́ńbà láàárọ̀ kí ó sì ti dé kí oòrùn tó kan àtàrí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni yóò dúró tì í, ẹ̀yin ni yóò mọ̀ bóyá wáṣà ni tápù ń fẹ́ tàbí téépù funfun tí wọ́n ń wé mọ́ ojú páìpù. Onílé á ní, "Ẹ ṣe é, ẹ yọ ọ́ nínú owó ilé." Kí ẹ gba iye rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí rìsíìtì sì wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ á di ìjà nígbà tí ọdún bá yí. Ní England, òfin ọdún 1985 lórí onílé àti ayálégbé gbé ara ilé, páìpù omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti híítà lé onílé lọ́rùn, kò sì sí ìwé àdéhùn tó lè gbé e kúrò. Àmọ́ ìwé ló ń sọ̀rọ̀. Ìpè fóònù kò ní ẹlẹ́rìí. Ẹ kọ ọ́ sí ímeèlì, kí ẹ fi fọ́tò àti ọjọ́ sí i, kí ẹ sì sọ ọ́ ní gbangba pé aboyún wà nínú ilé. Fún ilé ìjọba ìbílẹ̀ àti ti àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi ilé háyà fún aráàlú (housing association), òfin tí wọ́n fi orúkọ Awaab Ishak pè, ọmọ ọdún méjì tí mọ́ọ̀dù pa ní Rochdale lẹ́bàá Manchester ní 2020, ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá 2025: ewu pàjáwìrì, kí wọ́n mú un kúrò láàárín wákàtí 24; ọ̀rinrin tàbí mọ́ọ̀dù tó léwu, kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá.

Kí ẹ tó ha ògiri láti kùn ún, ẹ béèrè ọjọ́ orí ilé náà. Ọ̀dà tó ti pẹ́, pàápàá ṣáájú 1960 ní Ìlú Ọba, sábà ní òjé nínú. Sáńpépà gbígbẹ á sọ ọ́ di eruku tí ọmọ yóò fà símú. Sílíńgì asbestos ti àwọn ilé àtijọ́ ní Ìlọrin, àti Artex, ọ̀dà ṣákiṣàki ojú sílíńgì ti England tó ṣáájú ọdún 2000, ẹ má dá ihò sí i, eruku asbestos inú wọn léwu. (Tìróò tí a ń lé fún ọmọ náà, òjé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń ta á.) Ẹnu iná ara ògiri kò yàtọ̀ ní ìlú méjèèjì, oníhò mẹ́ta, 230 fólítì. Bíbo tí wọ́n fi ike bo ihò rẹ̀ ní Manchester kò pọn dandan, torí ihò náà ní ìdérí tirẹ̀ nínú, ike tí kò bá a mu á sì ṣí i sílẹ̀.

Omi ìwẹ̀ ọmọ, 37 sí 38 digírì ni kí ó wà. Omi gbígbóná tápù Manchester lè bó ọmọ lára, yàtọ̀ sí omi tí a gbé ka iná ní Ìlọrin tí ọwọ́ ti mọ̀: omi tútù ni kí ó kọ́kọ́ wọ báàfù, ìgbọ̀nwọ́ sì ni kí ẹ fi tọ́ ọ wò. Yàrá tí ọmọ ń sùn, 16 sí 20 digírì. Ìyá àgbà tó wá wẹ ọmọ yóò ní òtútù ń mú un, yóò fẹ́ wé e ní ìró mẹ́ta kí híítà tún wà lókè. Ẹ rọra fi tẹmómítà hàn wọ́n.

Àpótí tí wọ́n gbé bọ̀ láti ilé náà ń fẹ́ àyẹ̀wò. Aṣọ àtijọ́ àti ìró tí wọ́n kó pamọ́ fún ọmọ, káńfọ̀ ló sábà ń wà láàárín rẹ̀. Bí ọmọ kò bá ní èròjà tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD tó, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá, pàápàá lára ọmọkùnrin, òórùn káńfọ̀ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ojú àti ara á di pupa rúsúrúsú, ó sì lè dé ọpọlọ. Ẹ kó o kúrò kí ọmọ tó dé. Kí ẹ fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fẹ́ ẹ títí òórùn yóò fi kúrò pátápátá. Ní Ìlọrin, ọjọ́ méjì lórí okùn tó. Ní Manchester nínú oṣù kọkànlá, ẹ sá a sí yàrá kan ṣoṣo, kí ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, kí fèrèsé rẹ̀ wà ní ṣíṣí.