Ta ló ń pariwo nínú awọ yìí? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí jíìnì àti psoriasis

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa wo bí jíìnì, ìyẹn ìtọ́ni inú sẹ́ẹ̀lì, ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú awọ tó ní psoriasis, àrùn tó ń mú kí awọ nípọn kó sì máa bọ́ ìpẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí mo ti ṣubú hàn yín.

Mi ò gé awọ ẹnikẹ́ni. Àkójọ GSE13355 tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí GEO, ibi tí wọ́n ń kó èsì ìwọ̀n jíìnì pa mọ́ sí ní Amẹ́ríkà, ni mo gbé sórí kọ̀ǹpútà mi. Ègé awọ 180 ló wà níbẹ̀. Àwọn 58 tó ní psoriasis, ibi méjì ni wọ́n ti gé awọ wọn: ibi tí àrùn ti yọ àti ibi tí kò tíì dé. Ti àwọn tí kò ní in jẹ́ 64. Mo kọ́kọ́ ka ègé méjì ara ẹnì kan sí ti ẹni méjì. Àṣìṣe ọmọdé nìyẹn, mo tètè tún un ṣe.

Èkejì ló dùn mí. Orúkọ àwọn jíìnì tí ìwọ̀n wọn ga jù níbi tí àrùn ti yọ tò jáde: S100A7, DEFB4, SERPINB4, KRT16. Mo sáré gbé e lọ fún ọ̀gá mi. Ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ń pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni, àbí èrò ló pọ̀ sí i?" Ẹnu mi wọhò.

Ẹ wo ọjà Bódìjà. Bí ariwo tòní bá ju tàná lọ, ó lè jẹ́ pé oníkálukú ń kígbe, ó sì lè jẹ́ pé èrò ló ya wọ ọjà. Nígbà tí wọ́n bá lọ ègé awọ kúnná kí wọ́n tó yọ RNA rẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe láti ara jíìnì tó bá ń ṣiṣẹ́, ohùn gbogbo sẹ́ẹ̀lì ti dàpọ̀ mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ sì ni psoriasis máa ń yí èrò ọjà padà: sẹ́ẹ̀lì tí ì bá lo bí oṣù kan kó tó gòkè dé ojú awọ á débẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, awọ á nípọn, ìpẹ́ á máa bọ́, sẹ́ẹ̀lì T tó ń gbèjà ara á rọ́ wọlé. Àwọn jíìnì òróró awọ tí mo rí pé ó lọ sílẹ̀ ńkọ́? Ẹṣẹ́, ìyẹn àpò kéékèèké inú awọ tó ń tu òróró ọ̀hún, ló ti súnkì. S100A7 ní tirẹ̀ ń kígbe lóòótọ́, torí awọ tó dá ṣáṣá kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é.

IL17A tí mo ń wá, jíìnì èròjà kan tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn, kò sí nítòsí òkè àtòjọ náà rárá. Sẹ́ẹ̀lì T díẹ̀ ló ń ṣe é, ohùn wọn sì rì sínú ariwo. Síbẹ̀, òun ló ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì ojú awọ kí wọ́n máa ṣe DEFB4 àti S100A7. Secukinumab, oògùn tó ń dí i lọ́wọ́, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà fún psoriasis ní ọdún 2015. Ká ní iye lásán ni mo tẹ̀ lé, ǹ bá ti fò ó dá.

Ẹ má gbàgbé ìṣirò náà o: ojú ìwọ̀n tó wà lórí irú chip tí wọ́n lò, ìyẹn pátákó kékeré tí wọ́n fi ń wọn RNA, lé ní 54,000. Bí ẹ bá fi 0.05 ṣe ààlà, ìyẹn kí àkọsẹ̀bá tan yín jẹ lẹ́ẹ̀marùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, láìṣàtúnṣe fún iye ìwọ̀n náà, àkọsẹ̀bá lásán á tò bí 2,700 síwájú yín.

Ohun kan ṣì kù. Ìran Yúróòpù ni àwọn tí wọ́n gé awọ wọn fún àkójọ yẹn. Pupa ni psoriasis nínú àwòrán ìwé wa. Lára aláwọ̀ dúdú, ó máa ń dà bí àwọ̀ elésè àlùkò tàbí eérú. Mi ò mẹ́nu kan èyí nínú iṣẹ́ mi àkọ́kọ́. Olùyẹ̀wò kan ló bi mí léèrè, ojú sì tì mí.