Ọjọ́ Owó

Bàbá mi kò kórìíra òfì rárá. Òfì ló fi tọ́ àwa ọmọ mẹ́fà ní Ìsẹ́yìn, ó sì mọ ẹ̀tù hun débi pé àwọn oníbàárà ń ti Ìbàdàn wá bá a. Kàlẹ́ńdà ló ń dà á láàmú. Bí Kérésì bá ti ń bọ̀, iṣẹ́ á pọ̀ débi pé a ó gbé àtùpà sídìí òfì. Ní ìgbà èwe mi, Ramadan àti Lẹ́ńtì máa ń súnmọ́ra, ní nǹkan bí oṣù Fẹ́búárì. Tí wọ́n bá ti wọlé, kò sẹ́ni tó ń ṣe ìnáwó mọ́, òfì á dákẹ́, bàbá mi á wá máa yá owó iléèwé wa.

Olùkọ́ ni àbúrò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n san owó Udoji, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, ní 1975, ó ra alùpùpù. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í sọ ti alùpùpù yẹn. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ó mọ ọjọ́ tí owó ẹ̀ ń bọ̀." Kò wá owó rẹpẹtẹ fún mi, ọjọ́ owó ló fẹ́ kí n mọ̀. Ó há òfin iṣẹ́ ìjọba sórí bí ẹni ń ki oríkì: ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ọgọ́ta ọdún lókè eèpẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ pé.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí mo sọ fún un pé òfì ni mo fẹ́ dúró tì. Kò bínú. Ó gba ọ̀kọ̀ tí a fi ń hun òfì lọ́wọ́ mi jẹ́ẹ́, ó ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mò ń lọ. Nígbà tí mo gba lẹ́tà iṣẹ́ ní 2004, ó ní kí n kà á fún òun lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó kí omi má baà bà á jẹ́.

Ní 2015, lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù. Wọ́n jẹ èmi náà. Ìdí òfì ni mo padà sí ká tó rí jẹ. Bàbá ń wò mí láti orí àga rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó ní, "Wọ́n á san án." Wọ́n sì san án, díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ohun tó ń sọ tó yé mi. Iṣẹ́ oṣù lè jẹ ọ́ ní gbèsè. Ní ti òfì, bí Fẹ́búárì bá gbẹ, ó gbẹ náà nìyẹn, kò sẹ́ni tí wàá bi.

Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n ṣáà ṣe ohun tí ọkàn wọ́n fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí. Ẹni tó bá ti rí bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń tọrọ àwìn mọ̀ pé ọkàn kan náà ni ẹ̀rù ń gbé, òun náà sì ní ohun tó ń fẹ́.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin ní aṣọ òkè lòun fẹ́ máa hun, òun á máa tà á lórí WhatsApp. Mo fún un ní bébà kan, mo ní kó kọ oṣù méjèèjìlá sí i, kó kọ ẹni tó máa ra aṣọ lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ó kọ Dìsẹ́ńbà kíákíá. Ó kọ àwọn ará Lọ́ńdọ̀n sí Júláì àti Ọ́gọ́ọ̀sì, torí ìgbà ooru ni wọ́n ń ṣe ìnáwó tiwọn. Nígbà tó kan Fẹ́búárì, bírò dúró. Àwa méjèèjì ń wo àlàfo yẹn. Ó ní òun á padà wá kọ ọ́.