Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Wọ Bọ́ọ̀sì ní Peckham

Àwọn òyìnbó tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ apọntí ní London kì í fi ọ̀rọ̀ ọtí ṣeré rárá. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la máa ń pàdé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ọtí kan. Kálukú á gbé èyí tó pọn nílé wá, a ó tọ́ ọ wò, a ó sì máa bú ara wa tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ má rò pé ọ̀mùtí ni wá o. Ife kékeré báyìí la fi ń tọ́ ọ, ẹlòmíì á sì gbóòórùn rẹ̀ títí kó tó gbé e kan ètè. Wọ́n ní ìwé tí wọ́n fi ń gba máàkì: 50 ni gbogbo rẹ̀. Òórùn ló ni 12, ìrísí 3 péré, adùn 20, bó ṣe rí lẹ́nu 5, 10 tó kù sì wà fún bó ṣe wu ẹni tó ń mu ún sí. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ìyá mi lórí fóònù, wọ́n bi mí pé ṣé WAEC ni.

Òfin ò sì bá wa jà. Láti 1963 tí Reginald Maudling, mínísítà ètò ìṣúná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ti fagi lé ìwé àṣẹ tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tí kò lè pọn bíà sílé ara rẹ̀. Pé kéèyàn wá tà á láìgbàṣẹ ni òfin ò gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn fún mi.

Ní oṣù kan, wọ́n ní kí kálukú gbé ọtí ilé bàbá rẹ̀ wá. Ọmọ Poland tó wà láàárín wa ní òun ń gbé Grodziskie bọ̀, ìyẹn bíà àlìkámà tí wọ́n fi èéfín igi óákù yan. Ẹnìkan tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ará Finland ní sahti, ọtí ìbílẹ̀ ibẹ̀, lòun máa pọn. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ mi. Ọ̀gbẹ́ni onírùngbọ̀n kan, ẹni tó fẹ́ràn ọkà báálì ju ọmọ rẹ̀ lọ, bi mí bóyá àwa náà ń pọn nǹkan kan, àbí rírà la kàn ń rà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára. Mo sọ fún un pé ní 1988, ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó málítì báálì wọ̀lú, àwọn iléeṣẹ́ ọtí wa sì yí sí bàbà àti àgbàdo, ọtí ò sì wọ́n. Mo ní Guinness tí wọ́n ń pọn lọ́dọ̀ wa lágbára tó ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, pé èyí tó ń mu lọ́wọ́ yẹn, omi ọmọdé ni. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́, àmọ́ ẹnu ò ní bírékì. Mo ní, "Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni mò ń gbé bọ̀."

Mo pe ìyá mi n'Íbàdàn. Wọ́n ní, "Ìyá ìjọ ni mí. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pọn nǹkan bẹ́ẹ̀." Wọ́n gé fóònù. Kò pẹ́, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lórí WhatsApp ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Kó àgbàdo sómi kó rin dáadáa. Dà á sórí ewé, fi ewé bò ó, kó hù. Tó bá ti yọ ẹnu, sá a sóòrùn. Lọ̀ ọ́, sè é, sẹ́ ẹ, gbé e sílẹ̀ kó kan. Ẹni tí kò pọntí rí mọ iye ìgbà tí a gbọ́dọ̀ ro ìkòkò! Èyí tó kẹ́yìn nínú ohùn náà ni pé, "Má dé e pinpin o. Inú kèrègbè la ń rọ ọ́ sí, kó lè máa mí."

Oòrùn wo ni mo fẹ́ rí sá àgbàdo ní London nínú oṣù kọkànlá? Orí ẹ̀rọ amúlégbóná ni mo tẹ́ ẹ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ. Ìyàwó mi ò jà. Ó kàn béèrè ìgbà tí mo di ológì.

Ọtí náà jáde dáadáa, ó funfun, ó kan díẹ̀, ó sì ń ta lẹ́nu. Kèrègbè nìkan ló dìjà, torí òfin ẹgbẹ́ wa ni pé inú ìgò tó ní ìdérí ni ohun gbogbo gbọ́dọ̀ wà. Mo rọ ọ́ sínú ike, mo dé e, mo sì gbé e síta mọ́jú. Òtútù yẹn ló mú kí ìwúkàrà inú rẹ̀ sùn. Kò sẹ́ni tó sọ fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì pé kó má jí i.

Òkè bọ́ọ̀sì alájà méjì ni mo jókòó sí ní Peckham, àdúgbò kan ní London. Ooru ń ti abẹ́ àga jáde, báàgì mi wà láàárín ẹsẹ̀ mi gẹ́lẹ́ níbi tí ooru ọ̀hún ti ń jáde. Màmá kan jókòó síwájú mi, léèsì lọ́rùn, gèlè lórí, ó dájú pé òde ló ń lọ. Gèlè yẹn ò jẹ́ kí n rí títì mọ́. A ò tíì lọ jìnnà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ "sìììì." Mo tọwọ́ bọ báàgì. Ike kan ti le gbagidi, ìdí rẹ̀ ti yọ síta bí inú aboyún. Mo ní kí n yí ìdérí rẹ̀ díẹ̀, kí atẹ́gùn lè jáde jẹ́jẹ́.

Fòòò!

Ó lu àjà bọ́ọ̀sì, ó ronú díẹ̀ níbẹ̀, ó wá balẹ̀ sórí gèlè.

Màmá yíjú padà. Wọn ò yára. "Excuse me!" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, mo sì ti ń pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú mà!" Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, "Yorùbá sì ni!" bí ẹni pé ìyẹn ló burú jù. Mo dọ̀bálẹ̀ láàárín àga. Àsìkò yẹn ni awakọ̀ tẹ bírékì nídìí iná pupa, mo sì fi àyà rìn dé orí àtẹ̀gùn. Bàbá òyìnbó kan gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kí n lè kọjá.

Ìgbà tí mo fi rákò padà, màmá ti fi ahọ́n kan ètè.

"Dìde. Kí ló wà nínú ike yẹn?"

"Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni, mà."

"Mo mọ̀ pé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni! Ta ló pọn ọ́n?"

"Èmi ni, mà."

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. Wọ́n ṣí báàgì wọn, wọ́n yọ ife ike kan tí wọ́n pín níbi òkú ṣíṣe, àwòrán olóògbé náà ń rẹ́rìn-ín lára rẹ̀. Wọ́n nawọ́ ife sí mi láìsọ nǹkan kan. Mo bu ìyókù sí i. Wọ́n mu ún, wọ́n di ojú, wọ́n tún mu ún.

"O ò jẹ́ kí àgbàdo yẹn hù tó. Ìyá ẹ ò kọ́ ẹ dáadáa."

Bàbá òyìnbó béèrè ohun tí wọ́n ń mu. Wọ́n dá a lóhùn lédè Gẹ̀ẹ́sì pé oògùn ẹsẹ̀ ríro ni. Wọ́n gba nọ́ńbà mi, wọ́n sì mú ike kan tó ṣì ní ìdérí lọ, wọ́n pè é ní owó ìfọṣọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má gbé e sún mọ́ ooru. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ àwọn.

Níbi ìpàdé, onírùngbọ̀n tọ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wò, ó ní ó rán òun létí Berliner Weisse, bíà kíkan tí wọ́n ń pọn ní Berlin. Ó fún ìrísí ní 1, ó ní ó dà rú jù. Òórùn gba 12 nínú 12. Ó ń yí imú kiri, ó ní òórùn náà kún gbogbo yàrá. Mi ò sọ fún un pé jákẹ́ẹ̀tì mi ló ń gbóòórùn.

Lọ́jọ́ Àìkú, fóònù dún. Màmá ni. Wọ́n fẹ́ ṣe ọjọ́ìbí àádọ́rin ọdún, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi ya àwọn èèyàn lẹ́nu, 40 lítà á tó. Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé Maudling, mo ṣàlàyé 1963, mo ní, "Ẹ má bínú mà, òfin ò gbà kí n tà á."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀ títà? Ìwọ lo máa ra aṣọ ẹbí."