A ti san gbèsè ilé wa tán: ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ sì bá mi kí Màmá Akápò

Ẹ bá mi yin Ọlọ́run o. Olówó tó kẹ́yìn ti kọ ìwé fún wa pé a ò jẹ òun ní kọ́bọ̀ mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá wa bọ̀ láti ìgbà tọ́rọ̀ yìí ti wà nínú yàrá títí tó fi di ohun tí wọ́n ń pín kiri orí fóònù, ẹ mọ ibi tó bá wa dé, mi ò ní tún gbogbo rẹ̀ rò. Àmọ́ ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mi ò fẹ́ jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Bàbá àwọn ọmọ mi ti ka ohun tí mo kọ yìí kí n tó gbé e jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n má fi nǹkan kan pa mọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má pè mí sí kọ̀rọ̀ láti wá bá mi wí pé mo tú àṣírí ọkọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn tó ń sọ pé léèsì mi ló kó wa sí gbèsè lóhùn. Aṣọ tí mo wọ̀ níbi ìsìnkú bàbá wa ní Ìkọ̀lé, òun náà ni mo ń wọ̀ títí dòní. Ẹ wo fọ́tò mi. Tówó bá ti di ọ̀wọ́n nínú ilé, obìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí, ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn mí dénú egungun. Ọkọ mi ni ọwọ́ rẹ̀ kì í gba owó dúró. Ẹ rán an lọ sí Ọjà Bísí pé kó ra tòmátì, á dé tòun ti bàtà, tòun ti ẹ̀rọ ìlọta tuntun nígbà tí èyí tó wà nílé ṣì ń ṣiṣẹ́, tòun ti ẹ̀bùn ọmọ aládùúgbò. Bí wọ́n bá ń sìnkú ní Ìjerò tàbí ní Ìkéré, òun ló máa ra aṣọ ẹbí fún ẹni tí kò rówó rà, òun náà ló máa san owó ọtí tábìlì tí kò jókòó sí. Lábẹ́ ibùsùn wa, agbádá wà nínú ọ̀rá tí wọn ò tíì tú, bébà orúkọ oníṣọ̀nà ṣì wà lára rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó bá rajà, inú rẹ̀ á máa dùn, á máa kọrin. Tílẹ̀ bá mọ́, á jókòó sétí ibùsùn, kò ní lè wo ojú mi. Kò ní pẹ́ tá á tún bẹ̀rẹ̀.

Àpà ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan pè é bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ọmọ wa. Dókítà ọpọlọ tí Màmá Akápò, akápò ẹgbẹ́ wa, ní ká lọ rí ló là wá lóye. Ó bi ọkọ mi ní ohun tó máa ń wà lọ́kàn rẹ̀ kó tó ra nǹkan àti lẹ́yìn tó bá ti rà á tán. Kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí. Ọkọ mi ń dáhùn, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Dókítà ní àìsàn yìí kì í ṣe tuntun, pé dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Emil Kraepelin ti kọ nípa rẹ̀ láti 1915. Ó ní ìdààmú ló ń fi ọjà rírà pa lẹ́nu mọ́. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú padà sẹ́yìn, mo rí i pé lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ le sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ààwẹ̀ nìkan ló máa yanjú rẹ̀, a gbààwẹ̀, Ọlọ́run sì gbọ́. A lọ rí dókítà pẹ̀lú, a ṣì ń lọ, mi ò sì ní tijú láti sọ ọ́.

Gbèsè yẹn lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Ẹ rántí pé ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2024, kẹ́ ẹ fi díwọ̀n ohun tí mò ń sọ fún àwa tá a ń jẹun oṣù. Díẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, díẹ̀ wà lọ́wọ́ báǹkì, díẹ̀ lọ́wọ́ olówó èlé, ìyókù lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọjà àwìn. Orúkọ mi wà nínú ìwé díẹ̀ nínú wọn gẹ́gẹ́ bí onídùúró.

Ti àwọn orí fóònù, gbogbo yín lẹ rí i. Wọ́n fi fọ́tò ọkọ mi ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i pé olè ni. Ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ ọmọ wa. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn, tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ báyìí, ni pé wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe é. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPC, ti gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn láti 2022, orúkọ àwọn tí wọ́n fún láṣẹ sì wà lórí ìkànnì àjọ náà fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ní 2023, Google ní áàpù tó bá ń yáni lówó kò gbọdọ̀ wo àwọn nọ́ńbà tó wà lórí fóònù ẹni mọ́. Ọdún yẹn kan náà ni òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú jáde. Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń tẹ "mo gbà" láìkà á, ẹ dákun, ẹ wo orúkọ wọn lórí ìkànnì yẹn ná.

Àmọ́ ti Màmá ni mo fẹ́ sọ.

Akọ̀wé kóòtù ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ni akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa báyìí. Nígbà tí mo lọ bá a pé kó yá mi lówó, kò yá mi. Ó ní, "Gbé gbogbo ìwé gbèsè yín wá ulé mi, kí ọkọ rẹ bá ọ wá." A dé ibẹ̀, ó bu iyán fún wa, ó ní ká jẹ ẹ́ tán ná. Lẹ́yìn náà ló mú ìwé ọmọ ilé-ìwé kan jáde, ó fi rúlà fa ilà sí i: ẹni tá a jẹ, iye tá a gbà, èlé, iye tá a ti san. Bí ọkọ mi bá ti dárúkọ ọ̀kan, tó dákẹ́, Màmá á gbé bírò dúró, á ní, "Ó ku èwo?" Kò pariwo mọ́ ọn, kò sì káàánú rẹ̀ lójú. Nígbà tílẹ̀ fi máa ṣú, èmi alára ti gbọ́ gbèsè tí mi ò gbọ́ rí nínú ilé ara mi. Ó bi wá pé èló ni owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, ó kọ ìyẹn sókè ju gbogbo orúkọ olówó lọ. Ó ní ẹni tí ebi ń pa á tún lọ yá òmíràn ni.

Kò tíì pẹ́ sí àkókò yẹn tí wọ́n fi wá mú ọkọ mi.

Ìdájí ni. Ọmọ mi obìnrin ń lọ aṣọ ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì rẹ̀ lọ́wọ́. Olówó èlé kan ló kó ọlọ́pàá méjì wá, ó lóṣòó sí fàráńdà wa bí àwọn Òṣómàáló ayé ijọ́un, ó ní òun ò ní dìde àfi tóun bá gbowó òun. Àwọn aládùúgbò ń yọjú. Àwọn ọlọ́pàá ní kí ọkọ mi wọ mọ́tò. Ọkọ mi ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, bọ́tìnnì òkè ló fi sí ihò ìsàlẹ̀, ó tú u, ó tún ṣì í fi. Ọmọ mi lọ bá a, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàbá rẹ̀ de bọ́tìnnì. Títí mo fi máa kú, mi ò ní gbàgbé ọwọ́ ọmọ yẹn. Inú mi tutù bí omi. Mo sá wọ iyàrá, mo pe Màmá.

Orí ọ̀kadà ló bá dé. Aṣọ ìsùn ló wọ̀, ó da ìborùn bò ó, ìwé yẹn wà ní abíyá rẹ̀. Ó kí àwọn ọlọ́pàá kú iṣẹ́, ó wá bi wọ́n pé ẹ̀sùn wo ni. Ṣé ó jalè ni? Ṣé ó fi ìwé ayédèrú gbowó ni? Wọ́n ní rárá, gbèsè ni. Màmá ní, "Abala kejìlélọ́gbọ̀n Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ní ẹ ò gbọdọ̀ tìtorí gbèsè lásán mú ènìyàn. Bí ẹ bá máa mú un, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà yín sínú ìwé yìí fún mi." Ó ṣí ìwé, ó na bírò sí wọn. Kò sẹ́ni tó gbà á. Wọ́n ní àwọn rò pé jìbìtì ni, wọ́n wọ mọ́tò wọn, wọ́n lọ.

Ó ku olówó èlé. Màmá ní kí n gbé àga fún un, kí n fún un lómi. Ó wá ka ìṣirò rẹ̀ fún un: ₦50,000 ló yá wa, ogún náírà lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, èlé lórí èlé. Béèyàn ò bá rí nǹkan kan san, oṣù mẹ́fà péré ni irú owó bẹ́ẹ̀ fi ń sún mọ́ ₦150,000. A sì ti san ju owó tó yọ lápò lọ. Màmá ní, "Owó rẹ ti padà sọ́wọ́ rẹ, èrè wà lórí rẹ̀. Sọ iye tó máa fòpin sí i, ká máa san án lóṣooṣù, kí o fọwọ́ sí i." Ó fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe tẹ̀ lé wa dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, nínú oòrùn, pẹ̀lú eékún tó ń dùn ún. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, àní owó ọkọ̀ pàápàá.

Nígbà tó tó àkókò tí ẹgbẹ́ máa yá wa lówó, kí àwọn èlé gorígorí yẹn lè kúrò lọ́rùn wa, ojú wa rí nǹkan. Ìlọ́po méjì ohun tí mo ní nílẹ̀ ni wọ́n lè yá mi, onídùúró méjì sì ni wọ́n ń gbà. Màmá ṣe ọ̀kan. Ta ni kó ṣe ìkejì? Àwọn tí ọkọ mi ra aṣọ ẹbí fún, àwọn tó máa ń pè é ní "ọ̀gá wa" lóde ìnáwó, fóònù wọn ò wọlé mọ́. Ẹnì kan nínú wọn sọ fún mi lójú ara mi pé òun ò lè tẹ̀ lé ọkọ̀ tó ń rì. Ìyá oníyán tó wà lójú títì wa ló dìde, obìnrin tí kò jẹ nínú owó yẹn rí. Ó ní, "Ìyàwó yìí máa san án." Mo san án, Ìyá mi. Ẹ ṣeun.

A ta mọ́tò. A ta jẹnẹrétọ̀, a ta sípíkà ńlá tó gba pálọ̀. Káàdì báǹkì ọkọ mi wà lọ́wọ́ mi, òun ló fi lé mi lọ́wọ́. Owó tó máa ná lóòjọ́ ló ń gbà lówùúrọ̀. Ohunkóhun tí kò bá sí nínú ìwé ọjà, a máa fi sílẹ̀ di Sátidé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í rántí mọ́ tí Sátidé bá dé. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nírọ̀lẹ́, owó yẹn tààrà ló ń lọ sọ́wọ́ olówó. Ọkùnrin tó lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láìsá kì í ṣe àpà. Ẹ̀gbọ́n tó pè é bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń ka èyí. Àwọn ọmọ wa gbọ́ ọ lẹ́nu yín lọ́jọ́ náà, ó wù mí kí wọ́n gbọ́ òmíràn lẹ́nu yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká lọ ṣí àkáǹtì síbòmíràn kí báǹkì má rí wa, inú mi dùn pé a ò gbọ́ tiyín. Láti 2020 ni báǹkì àpapọ̀ ti fún àwọn báǹkì láṣẹ kí wọ́n lè fa owó tí a jẹ wọ́n nínú àkáǹtì èyíkéyìí tí BVN ẹni, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ báǹkì, bá so mọ́. Ẹni tó ń sá fún báǹkì ń sá fún orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní kí n kó ọmọ mi lọ sí Àkúrẹ́, mo mọ̀ pé ìfẹ́ mi lẹ fi sọ ọ́. Mi ò sọ pé kí gbogbo obìnrin dúró o. Ọkọ mi kò nà mí, kò sì parọ́ fún mi mọ́ láti ọjọ́ tó ti dárúkọ gbogbo gbèsè yẹn níwájú Màmá. Ká ní ó ń parọ́ lọ ni, ǹ bá ti lọ. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ má fọwọ́ sí ìwé onídùúró láìmọ ohun tí owó náà wà fún, ì báà jẹ́ ọkọ yín ló gbé e wá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, a máa ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀. Kò sí aṣọ ẹbí. Kí ẹnikẹ́ni má ra nǹkan kan tìtorí wa, kẹ́ ẹ má sì náwó lé ọkọ mi lórí tó bá ń jó, mo bẹ̀ yín. Màmá Akápò ni yóò jókòó sí ìjókòó iwájú. Àwọn tó ń bèèrè nọ́ńbà rẹ̀, ó ní kí n sọ fún yín pé ilé òun ṣí sílẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kẹ́ ẹ kó gbogbo ìwé gbèsè yín dání, kí tọkọtaya sì jọ wá.