Kí Ló Dá Ẹ́ńsáìmù Náà Dúró Gan-an?

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá èròjà tó ń dí ẹ́ńsáìmù (purotéènì tó ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà yá nínú ara) lọ́wọ́ nínú ewé àti egbò, iṣẹ́ tó níyì lẹ dáwọ́ lé. Inú òdòdó snowdrop la ti rí galantamine, tó ń dí acetylcholinesterase, ẹ́ńsáìmù kan nínú ọpọlọ, lọ́wọ́, òun náà sì ti di oògùn fún àwọn tó ní àìsàn Alzheimer. Àmọ́ kí oje ewé dá ẹ́ńsáìmù dúró kò le. Ká mọ ohun tó dá a dúró ló le.

Tánínì ló máa ń tanni jẹ jù. Òun ló ń mú kí èèpo igi fún ahọ́n pọ̀, òun kan náà ni wọ́n fi ń sọ awọ ẹran di awọ bàtà. Kì í yan ẹ́ńsáìmù láàyò: purotéènì tó bá ti bá pàdé ló ń lẹ̀ mọ́. Ẹ fi ẹ́ńsáìmù mìíràn tí kò bá tiyín tan dán oje náà wò. Bó bá dá ìyẹn náà dúró, ẹ yọ tánínì kúrò kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú. Àwọn èròjà kan tún wà, bíi quercetin, tó máa ń ṣù jọ nínú omi, tí ẹ́ńsáìmù á há sí wọn lára. Ẹ fi Triton X-100, irú ọṣẹ kan tí wọ́n ń lò ní láàbù, díẹ̀ sí i, bíi 0.01%. Bí agbára oje náà bá pòórá, ìṣùjọ yẹn ló ń ṣiṣẹ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ alpha-glucosidase, ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ oúnjẹ di ṣúgà nínú ìfun, tí à ń wá ohun tó máa dẹwọ́ rẹ̀ nítorí àwọn alátọ̀gbẹ. Ti inú ìwúkàrà ni ọ̀pọ̀ láàbù ń lò. Bẹ́ẹ̀ acarbose, oògùn àtọ̀gbẹ tó ń dí ẹ́ńsáìmù yìí lọ́wọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ti ìwúkàrà. Ti inú ìfun ẹran ọlọ́mú ló ń mú dáadáa. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé oje ewé òun ju acarbose lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ́ńsáìmù tó lò. Ẹ fi ti ìfun eku tún tiyín ṣe.

Àwọ̀ ńkọ́? Àwọ̀ ìyeyè p-nitrophenol, èròjà tó ń jáde bí ẹ́ńsáìmù bá ṣe ń ṣiṣẹ́, là ń fi ẹ̀rọ kà nínú ìmọ́lẹ̀ 405 nm, oje ewé fúnra rẹ̀ sì láwọ̀. Ẹ ya ihò kan sọ́tọ̀ lórí àwo fún oje láìsí ẹ́ńsáìmù, kẹ́ ẹ yọ iye rẹ̀ kúrò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ewé tó ń ṣiṣẹ́ á dà bí èyí tí kò wúlò.

Kẹ́ ẹ sì tó lọ ewé rárá, ẹ tẹ ẹ̀ka kan tòun ti òdòdó rẹ̀ sáàárín bébà títí yóò fi gbẹ, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ibi ìpamọ́ ewéko kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ni ẹni tó bá fẹ́ tún iṣẹ́ yín ṣe máa fi mọ igi tẹ́ ẹ já.