Ẹ má tíì dáná sun ẹrù ìyá yín

Oṣù méjì rèé tí mo dáná sun aṣọ màámi, èéfín rẹ̀ ṣì wà nímú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin tí mò ń kọ ọ́ sí, mo mọ̀ pé ohun tó ṣe mí ti ṣe yín. Ìyá yín kú, ẹ sin wọ́n, ẹ gba àlejò, ẹ kó àga padà fún ẹni tẹ́ ẹ yá a lọ́wọ́ ẹ̀, ó wá di òru ọjọ́ kan, ẹ lajú, ẹ rí wọn tí wọ́n dúró. Àwọn kan nínú yín ò sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan. Èmi sọ, mo sì sọ fún ẹni tí kò yẹ kí n sọ fún.

Aláró ni màámi. Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti ta àdìrẹ títí wọ́n fi darúgbó. Láyé kàmpàlà àti kọ́sítíìkì yìí, tí gbogbo wa ń fi kẹ́míkà rẹ aṣọ láró kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, màámi ṣì ní ìkòkò aró elú kan lẹ́yìnkùlé. Wọ́n á gún ewé elú, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a, wọ́n á sẹ́ eérú, wọ́n á máa ṣí ìkòkò wò láràárọ̀ bí ẹni tí ń yọjú wo ọmọ tuntun. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró elú, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló ń di aró lójú ẹni. Aró kì í ṣí lọ́wọ́ màámi. Nígbà tí wọ́n wẹ òkú wọn tán, tí a tẹ́ wọn, èékánná wọn ṣì dúdú pẹ̀lú aró.

Ọjọ́ tí wọ́n kú, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n pè mí lórí fóònù tí mi ò gbé e. Èkó ni mo wà, mò ń já aṣọ ẹbí fún oníbàárà kan, fóònù wà nísàlẹ̀ báàgì. Ìgbà tí mo máa pè padà, ọmọ aládùúgbò ló gbé e. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn ju báyìí lọ.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ogójì ọjọ́ wọn pé ni mo rí wọn. Yàrá wọn ni mo sùn sí. Mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìnkùlé, bí ìgbà tí èèyàn ń fún omi lára aṣọ. Mo lajú. Kò sí iná, òṣùpá ló wọlé láti ojú fèrèsé. Mo fẹ́ dìde, ara kọ̀. Àyà mi wúwo bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé e, ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìró iṣẹ́ wọn, èyí tó ti ya létí, ni wọ́n ró mọ́ àyà. Omi ń kán láti ọwọ́ wọn sílẹ̀, mò ń gbọ́ ọ: tó, tó, tó. Òórùn aró gba gbogbo yàrá. Ẹni tó bá mọ aró elú mọ̀ pé ó ń rùn, àlejò á di imú. Fún èmi, òórùn ìyá mi ni. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo bá pẹ́ kí n tó ti ọjà dé. Wọ́n wá na ọwọ́ sí mi. Nǹkan wà nínú ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n mi ò rí i dáadáa. Ìgbà tí ohùn máa fi jáde lẹ́nu mi, mi ò rí wọn mọ́. Mo bọ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ pa ilẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí. Ilẹ̀ gbẹ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wá. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo sọ fún àǹtí mi, àbúrò màámi. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, wọ́n ti ká ọwọ́ lérí. “Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mú ọ lọ ni! Ṣé o gba nǹkan tó wà lọ́wọ́ wọn?” Mo ní mi ò gbà á. “Ṣé o jẹun lójú àlá náà?” Mo ní rárá. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé mi lọ sí ilé àdúrà kan tí mi ò ní dárúkọ. Wòlíì ibẹ̀ ní kì í ṣe màámi ni mo rí, ẹ̀mí kan ló gbé àwọ̀ wọn wọ̀. Ó ka Diutarónómì orí 18, tó ka bíbá òkú sọ̀rọ̀ léèwọ̀, sí mi létí, ó sọ ìtàn ọba Sọ́ọ̀lù àti obìnrin Éńdórì tó ń bá òkú sọ̀rọ̀. Ó ní ìkòkò aró yẹn ni ìtẹ́ ẹ̀mí ọ̀hún, torí òrìṣà Ìyá Màpó ló ni aró. Òótọ́ ni pé àwọn aláró àtijọ́ máa ń bọ Ìyá Màpó. Ṣùgbọ́n màámi? Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ni wọ́n, Bíbélì ni wọ́n máa ń gbé sábẹ́ ìrọ̀rí. Ohun tí wòlíì kà sílẹ̀ fún mi rèé: ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ méje, ₦120,000 fún àkànṣe àdúrà, kí a sun gbogbo ohun tí wọ́n lò, kí a sì fọ́ ìkòkò kí ọjọ́ keje tó pé. Mo san án. Mo gbààwẹ̀. Mi ò sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iná náà ṣe rí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Àpótí páànù méjì la gbé jáde. Èmi ni mo ṣí wọn. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí màámi fi ìyẹ́ adìyẹ yà fúnra wọn, ó lé ní ogún. Ìbàdàndùn wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Màpó n'Ìbàdàn sí. Olọ́ba kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ìyá wọn, irú èyí tí àwọn aláró gbé jáde lọ́dún 1935 nígbà tí wọ́n ń ṣe júbílì ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí àwòrán ọba àti ayaba wà láàárín. Mi ò ní rí irú rẹ̀ mọ́ láyé mi. Ìyẹ́ adìyẹ náà wà nínú agolo mílíìkì, ẹ̀kọ láfún ti gbẹ mọ́ ọn lórí. Àǹtí mi da kẹrosíìnì sí i, wọ́n na ìṣáná sí mi, wọ́n ní èmi ni mo máa ṣá a, nítorí èmi ni ẹ̀mí náà ń tọ̀ wá. Mo ṣá a. Aṣọ tí wọ́n ti fi ẹ̀kọ yà tí wọn ò tíì rẹ ló kọ́kọ́ mú iná. Bí ẹ̀kọ tó jóná nídìí ìkòkò ló ń rùn. Olọ́ba ni kò tètè jó. Ó ká kò bí ewé, mo rí ojú ayaba tó dúdú díẹ̀díẹ̀.

Ìkòkò ló wá kù. Ọmọ odó la fi fọ́ ọ, ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kó tó là. Gbogbo wa rò pé aró inú rẹ̀ ti kú láti ìgbà tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ti lọ. Ó ṣàn lọ sídìí ìbẹ́pẹ. Àwọ̀ ewé ló ní. Mo dúró tì í, atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó di aró lójú mi níbẹ̀. Kò tíì kú. Ààyè ni aró màámi wà nígbà tí mo fọ́ ọ.

Láti ọjọ́ yẹn màámi ò wá mọ́. Wòlíì ní ìṣẹ́gun ni. Àǹtí mi fi ijó dúpẹ́. Èmi lọ dùbúlẹ̀ sí yàrá tó ti ṣófo, mo ń tẹ́tí bóyá omi á tún kán.

Ohun tó gbé mi dìde kò gùn. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa rí bí mo ṣe rù, ó mú mi lọ rí dókítà, wọ́n fún mi lóògùn oorun fúngbà díẹ̀, mo ń jẹun padà, mo ti padà sọ́jà. Ìyá àgbà aláró kan ní Ìtòkú náà sì bá mi sọ̀rọ̀. Ó ti tó báyẹn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ẹ má dáná sun nǹkan kan. Ẹ kó o sínú àpótí, ẹ tì í, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tí kò ní gbé e fún yín tẹ́ ẹ bá ń sunkún. Ẹ fún un ní ọdún kan. Bí ewu bá wà lára aṣọ náà lóòótọ́, ọdún kan kò ní kí ẹ má lè sun ún nígbà yẹn. Eérú ni ẹ ò lè hun padà.

Èkejì ni ti ẹni tẹ́ ẹ máa sọ fún. Ẹ má kọ́kọ́ sọ fún ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà. Àǹtí mi fẹ́ràn mi, mi ò bú wọn, ẹ̀rù òkú ẹ̀gbọ́n wọn ló ń ba àwọn náà. Mi ò sì bú wòlíì. Kristẹni ni mí títí dòní, mo mọ àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dárúkọ owó kó tó béèrè bí ìyá yín ṣe kú, ẹ dìde níwájú rẹ̀. Ká ní mo dìde ni, Olọ́ba ìyá ìyá mi ṣì wà.

Ẹ tọ́jú ara pẹ̀lú. Dókítà yẹn ṣàlàyé fún mi pé bí èèyàn bá jí láti inú àlá, ojú lè là nígbà tí ara ṣì wà lójú oorun, pàápàá tí kò bá rí oorun sùn tó, tí ìbànújẹ́ wà lọ́kàn, tó tún fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ó ní àwọn oníṣègùn ọpọlọ méjì, Aina àti Famuyiwa, kọ̀wé lọ́dún 2007 lórí ohun tí àwa Yorùbá ń pè ní ogun òru, pé àwa obìnrin ló ń ṣe jù. Mo gbà á gbọ́. Mi ò gbà pé ìyẹn nìkan ni, torí mo mọ ìyá mi. Àmọ́ ẹ wò ó: ẹni tí kò rí oorun sùn ni wọ́n ní kó gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ méje.

Ìyá àgbà Ìtòkú wá bi mí léèrè kan. “Ọmọ mi, kí lo sọ létí sàréè ìyá rẹ?” Mo ní ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni: ẹ má jọ̀kùn, ẹ má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí ẹ máa bá wọn jẹ, ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá. Wọ́n wò mí. “Ìwọ lo dá ojú àlá fún un. Ó wá. Ẹ fi iná pàdé rẹ̀.”

Mi ò lè gbàgbé ìyẹn. Àbúrò mi lóyún lọ́wọ́, àǹtí mi yìí kan náà ti ń sọ pé bó bá jẹ́ obìnrin, Yétúndé la máa sọ ọ́. À ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ, a sì lé wọn nígbà tí wọ́n padà wá gẹ́gẹ́ bí ìyá. Bí egúngún bá jáde, ará ọ̀run là ń pè é, àwọn obìnrin ládùúgbò wa ń kúnlẹ̀ gbàdúrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá kan wá dúró jẹ́ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ọmọ rẹ̀, kò ké, kò na pàṣán, ó kàn na ọwọ́.

Ká ní mo mọ̀, màá ti wí pé, “Màámi, ẹ káàbọ̀. Kí lẹ fẹ́?” Ẹ̀yin tí tiyín ṣì ń wá, ẹ bá mi bi wọ́n. Bí ohùn ò bá jáde, ẹ fọkàn bi wọ́n. Ẹ sì fi àpótí sílẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e jáde.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi gbé aṣọ kan wá láti Ṣàgámù, ọ̀já tí màámi rẹ láró fún un nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò tíì fọ̀ ọ́. Lálẹ́, mo máa ń gbé e sí imú, aró elú ṣì wà lára rẹ̀ díẹ̀.