Nígbà tí òpìtàn bá jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kó ìtàn ìlú jọ, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí òpìtàn má dá sí ọ̀rọ̀ ìlú, ẹ má dá a lóhùn. Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ nígbà ogun Kírìjì, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lọ́dún 1886. Isaac Akínyẹlé tẹ ìwé ìtàn Ìbàdàn jáde lọ́dún 1911. Nígbà tó di 1955, ó jẹ Olúbàdàn.

Àmọ́ bí ẹ bá ti gba àga nínú ìgbìmọ̀, ìtàn tí wọ́n ń sọ fún yín yóò yí padà. Bàbá tó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé wọ́n bá ìdílé mìíràn nílẹ̀, bó bá gbọ́ pé ẹ lẹ́nu lọ́dọ̀ ìjọba, baba ńlá tirẹ̀ ni yóò wá kọ́kọ́ tẹ ìlú dó. Èmi kì í bínú sí i. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti oyè wà lẹ́yìn rẹ̀, pàápàá láti ìgbà tí òfin oyè ti Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, ti ọdún 1957, ti sọ àkọsílẹ̀ ìdílé tó ń jọba di ohun tí à ń gbé lọ sílé ẹjọ́. Nítorí náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ ẹni tó sọ ọ́, ọdún tó sọ ọ́, àti ohun tí ìdílé rẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ìlú lákòókò náà. Ti ìgbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ yín kì í kọ.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìwé tó ti padà di ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìwé Johnson sọnù lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tó fi í ránṣẹ́ sí. Lẹ́yìn tó kú ní 1901 ni Obadiah àbúrò rẹ̀ tún un kọ láti inú àwọn ohun tó kù, ó sì jáde ní 1921. Láti ìgbà náà ni olùkọ́ àti oníwàásù ti ń sọ ọ́ kiri. Bí àgbàlagbà bá ń to orúkọ àwọn Aláàfin fún yín gẹ́lẹ́ bó ṣe wà níbẹ̀, ẹ fọgbọ́n béèrè ibi tó ti gbọ́. Ẹlẹ́rìí méjì tó ka ìwé kan náà, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n. Oríkì ṣòro láti tún ṣe bẹ́ẹ̀: ó máa ń dárúkọ ìjà àti àléébù tí ìwé ìdílé yóò bò mọ́lẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn obìnrin ilé, àwọn ló mọ̀ ọ́n kì. (Ẹ má gbàgbé pé àwọn ọkùnrin ilé náà kì í fẹ́ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.)

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ béèrè fáìlì Oyo Prof àti Iba Prof, ìyẹn àwọn ìwé ìjọba òyìnbó láti ẹkùn Ọ̀yọ́ àti ti Ìbàdàn. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ìdílé kọ sí àwọn òyìnbó aláṣẹ wà níbẹ̀, ó sì dùn ún fi wé ohun tí wọ́n ń sọ lónìí.

Bí ẹjọ́ oyè bá kan ìdílé baba tàbí ti ìyá yín, ẹ dìde kúrò níbi ìjókòó náà, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ dìde. Ìwé tí ẹ bá ní, ọjọ́ kan náà ni kí ẹ fún tọ̀tún-tòsì ní ẹ̀dà. Owó ìtẹ̀wé ńkọ́? Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ìdílé tó ní ẹjọ́ nílẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lápapọ̀ lè san án, bí wọ́n bá gbà kí ìtàn tó ta ko ara wọn wà ní ojú ewé kan náà. Bí wọn kò bá gbà, ẹ fowó ara yín tẹ ẹ̀dà díẹ̀, kí ẹ kó o fún àwọn ilé ìkàwé.